Fíìmù Aránṣọ Pé Ọmọ Ọdún Mẹ́wàá: Ẹ Kú Oríire!

Fíìmù wa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tíátà, tí kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó ní kámẹ́rà tirẹ̀, la kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Bẹẹrẹ, nílùú Ìbàdàn, tí a gbé fíìmù oníṣẹ́jú 12 jáde. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn lónìí, kó lọ yá inú ẹlòmíì wá.

Ìtàn náà kò le. Aránṣọ kan rán bùbá fún oníbàárà, oníbàárà kò padà wá gbà á, aránṣọ kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni rà á. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí ìbọn, kò sí babaláwo, kò sí ọlọ́pàá tó ń lé olè. Àwọn kan ní kíláàsì ní ìyẹn kì í ṣe fíìmù. Ẹ jẹ́ n dá wọn lóhùn wàyí: fíìmù ni, ó sì dùn ún wò.

Bí wọ́n bá ń yin fíìmù, olùdarí àti òṣèré ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lónìí, ẹ̀gbọ́n olùdarí, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ ná. Ọmọbìnrin tó di máìkì mú ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kí. Orí ọ̀pá ìgbálẹ̀ ló so máìkì náà mọ́, ó sì gbé e sókè títí apá fi ń gbọ̀n. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Bẹẹrẹ: takisí Micra ń fọn fèrè, akọrin ń ta sídì, ẹ̀rọ ata sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù gan-an. Ọmọbìnrin yìí ló lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́rọ ata.

“Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa paná ẹ̀rọ díẹ̀.”

“Ṣé fíìmù ni n ó bù fún oníbàárà mi?”

Ṣùgbọ́n ìyá paná ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, ìyá fúnra wọn ló ń jáde sójú títì, tí wọ́n ń pariwo mọ́ àwọn onímọ́tò pé, “Ẹ dákẹ́ ńbẹ̀ jàre, wọ́n ń ya fíìmù!” Ariwo tiwọn ló kù tí a ò rí dá dúró.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, tí gbogbo wa ti ń di ẹrù, ọmọbìnrin yìí kan náà ní ká jókòó, kí ẹnikẹ́ni má mira fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ló fẹ́ gbà sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe tán, kò sí ibi tó dákẹ́ pátápátá: fáànù ń kùn, páànù òrùlé ń dún nínú oòrùn. Bí ẹ́dítọ̀ bá gé ọ̀rọ̀ kan kúrò, tí kò fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ gan-an dí àlàfo náà, etí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti gé nǹkan. Ìṣẹ́jú kan yẹn wà káàkiri inú fíìmù wa, kò sì sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé dání! Ìparí ìtàn la kọ́kọ́ yà, nítorí bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù fẹ́ rán aṣọ ìyàwó lọ́sàn-án. Ta ló rántí èjìká tí téèpù wà, etí tí ṣọ́ọ̀kì wà, kí ìbẹ̀rẹ̀ lè bá ìparí mu? Ẹ̀yin ni. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ fi pákó méjì ṣe clapper, tí ẹ ń gbá a pá! Àwòrán 24 ni kámẹ́rà tí a lò ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán tí pákó méjèèjì ti pàdé àti ìró “pá” yẹn ni ẹ́dítọ̀ fi so ohùn mọ́ ẹnu. Ẹni wélíféè, ẹ̀wà yín dáa, búrẹ́dì ni kò tó.

Ẹ má sì jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé àwa la bẹ̀rẹ̀ irú àjùmọ̀ṣe yìí. Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ tíátà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Nígbà tí fíìmù wọn, Aiyé, jáde ní 1979, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀, àwọn tó ti jọ ń rin ìrìnàjò eré kiri láti ọjọ́ pípẹ́ ló bọ́ síwájú kámẹ́rà. Nínú ẹgbẹ́ alárìnjò, ẹni tó jọba lórí ìtàgé lálẹ́ lè jẹ́ ẹni tí yóò ru àpótí sínú mọ́tò láàárọ̀. Mo fẹ́ràn ètò yẹn ju ti òde òní lọ, níbi tí orúkọ ẹnì kan ti máa ń gba gbogbo pátákó.

Fíìmù wa kò gba ife-ẹ̀yẹ kankan. Kí ló kàn wá? Onímáìkì wa ti di ògbóǹtarìgì nídìí iṣẹ́ ohùn l'Ékòó, àwọn olùdarí ló ń wá a kiri báyìí. Ẹ́dítọ̀ wa wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá. Ọ̀kan nínú wa ń ta léèsì, ó ní òun ò ya fíìmù mọ́ láé. Òun ló kọ́kọ́ fowó sílẹ̀ fún àríyá ọdún kẹwàá yìí.

Ọjọ́ Sátidé ni àríyá náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà. Aṣọ funfun la ó ta mọ́ ògiri, ìyá ẹlẹ́rọ ata ni alága. Àmàlà gbígbóná wà, gbẹ̀gìrì wà, ewédú wà, ìlù sì ń bọ̀. Ẹ tètè dé o. Ẹni wélíféè àtijọ́ náà la tún gbé búrẹ́dì lé lọ́wọ́.