Ọ̀rọ̀ "Make" àti Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Ní ọjọ́ ọjà kan láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú lẹ́tà tọ̀ wá wá ní Ìkọ̀lé, ó ní kí a bá òun wò ó kí òun tó fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń wá lọ́dọ̀ oníṣòwò kan. Ìwé rẹ̀ mọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì gún. Ṣùgbọ́n ní ìlà kẹta ó kọ ọ́ pé òun kì í "do mistake". Nígbà tí ó di ìlà kẹfà, ó ní òun yóò "make business" pẹ̀lú òtítọ́, ọ̀gá òun yóò sì "do profit". A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. A mọ̀ pé ẹni tí yóò gba lẹ́tà náà kò ní ṣe wàhálà àtirẹ́rìn-ín. Yóò kàn gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì mú ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó kó bá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Yorùbá ni ó fi ń ronú, ìyẹn kò sì burú. Ní èdè wa, "ṣe" ni ó ń gbé gbogbo ẹrù yìí: a ń ṣe iṣẹ́, a ń ṣe òwò, a ń ṣe àṣìṣe, a ń ṣe ìlérí, a ń ṣe òfin, a sì ń ṣe oore. Òyìnbó pín ẹrù náà sí méjì. Ó gbé apá kan fún "do", ó gbé apá kejì fún "make". Iṣẹ́ ni ó ń "do", àṣìṣe ni ó ń "make". Òwò ni ó ń "do", èrè ni ó ń "make". Ìṣirò owó ni ó ń "do", owó sísan ni ó ń "make". Oore ni ó ń "do", ìlérí ni ó ń "make". Ẹni tí kò bá mọ ìpín yìí yóò máa gbé ẹrù ẹnìkan fún ẹlòmíràn.

Àwọn olùkọ́ kan a máa wí pé ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀, tí ó wá wà lẹ́yìn iṣẹ́ wa, ni ti "make". Iṣẹ́ tí a kàn ń bá lọ ni ti "do". Òfin yìí ran ni lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n kò bá ni dé ilé. Ìpalára kò sí tẹ́lẹ̀ kí a tó pa ènìyàn lára, síbẹ̀ "do harm" ni Òyìnbó ń wí. Ibùsùn ti wà nínú yàrá láti àná, síbẹ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ tí a bá ní kí ó "make the bed" ní òwúrọ̀ kò gbọdọ̀ lọ wá pákó àti ìṣó. Aṣọ orí ibùsùn ni kí ó tẹ́. Ẹni tí ó "make peace" kò fi ọwọ́ kan amọ̀ tàbí igi. Ìjà ni ó parí. Ẹni tí ó sì "make haste", ó yára ni.

Ohun tí ó fà á kò jìnnà sí ìtàn. "Make" jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ní 1066 àwọn ará Normandy ti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun wọn, ó sì pẹ́ tí èdè Faransé fi jẹ́ èdè ààfin àti ti ilé-ẹjọ́ níbẹ̀. "Peace", "noise", "profit" àti "payment", láti inú èdè Faransé ni wọ́n ti wọlé. Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn àlejò náà, ó sì fi "make" tirẹ̀ tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà àṣà ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìṣirò. A kì í béèrè lọ́wọ́ tọkọtaya pé èéṣe tí wọ́n fi fẹ́ ara wọn. À ń mọ̀ wọ́n papọ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Òyìnbó nìkan ni ó ní irú àṣà yìí. Ẹ wo "pa" tiwa. A ń pa ẹran, a ń pa iná, a ń pa irọ́, a ń pa òwe, a ń pa àṣẹ, oníṣòwò sì ń pa owó. Àlejò tí a bá kọ́ pé "pa" ni kí a gba ẹ̀mí ẹran, tí ó sì wá gbọ́ pé ìyá àgbà ń pa àlọ́ láàrin àwọn ọmọdé ní alẹ́, ẹ̀rù lè bà á. Kò sí ọmọ Èkìtì kan tí a fi òfin kọ́ ní ìwọ̀nyí. Lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ wọn, ní méjì-méjì, títí wọ́n fi di tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ wá lógún jù nìyí. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, "make" kan ṣoṣo a máa tó Òyìnbó. Àwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1947 títí di 1954, ilé iṣẹ́ ọnà kan wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ ìjọ Àgùdà, tí Fáda Kevin Carroll wà lára àwọn tí ń bojú tó o. Níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì, ti ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, ti kọ́ṣẹ́. Bí Òyìnbó bá ń ròyìn ilé iṣẹ́ náà, ó lè fi "make" bẹ̀rẹ̀ kí ó sì fi "make" parí. Ọmọ Yorùbá ní láti sọ pé Bándélé ń gbẹ́ ère, pé ahunṣọ ń hun aṣọ, pé ẹlòmíràn ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ní Ìsàn, ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ amọ̀, ìkòkò mímọ ni. Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé ń kọ ebè, aya rẹ̀ ń se ọbẹ̀, ó ń gún iyán. Télọ̀ ní Ìdó ń rán aṣọ. Gbogbo wọn, "make" ni lẹ́nu Òyìnbó.

Nísisìyí àwọn ọmọ wa ń kọ́ "make" ní ilé-ìwé, wọ́n ń mú un padà wá sí ilé, wọ́n sì ń sọ ọ́ di "ṣe". A ti fi etí ara wa gbọ́ ọmọ kan tí ó ní ìyá àgbà òun mọ "ìkòkò ṣíṣe" dáadáa. A ti gbọ́ òmíràn tí ó ní bàbá òun ti "ṣe ebè" tán. Àwọn àgbà pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kì í pinnu mọ́, àfi kí ó "ṣe ìpinnu".

Ẹlòmíràn yóò wí pé kí ni ìyẹn bàjẹ́, níwọ̀n ìgbà tí a ti gbọ́ ara wa yé. Ó ba nǹkan púpọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé "mọ" ti sọ fún wa pé ohun rírọ̀ ni, àti pé ọwọ́ ni a fi tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gba ìrísí. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì dé orí kejì ìwé Gẹ́nẹ́sísì, níbi tí erùpẹ̀ ti di ènìyàn, ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò yìí gan-an ni wọ́n mú. Ẹni tí ó bá sọ pé "gbẹ́" ti sọ pé à ń gé kúrò ni, a kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá sọ pé "hun" ti fi òwú tí ń gba inú òwú kọjá hàn wá. "Ṣe" kò sọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá ti kúrò lẹ́nu ọmọ, ìdajì iṣẹ́ náà ti kúrò lójú rẹ̀.

A kò lòdì sí àlejò o. Fọ́tò ti òkè òkun wá, a sì ń ya fọ́tò; mọ́tò wá, a ń wọ mọ́tò. Òyìnbó ní "take" ni òun ń lò fún fọ́tò, àwọn bàbá wa kò sì torí rẹ̀ sọ pé àwọn "mú fọ́tò". Wọ́n gba ọjà náà, wọ́n sì fi agbọ̀n tiwọn gbé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí ọ̀rọ̀ Faransé.

Kí ni kí a ṣe? Lójú tiwa, kí àwọn olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó má kọ "make" sí ojú pátákó ní òun nìkan mọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ti Yorùbá sí ìdojúkọ rẹ̀: "make a profit", jẹ èrè, "make a noise", pa ariwo, "make a pot", mọ ìkòkò. Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ báyìí yóò jèrè lọ́nà méjì, nítorí kò ní fi Yorùbá ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, kò sì ní fi Gẹ̀ẹ́sì ba Yorùbá jẹ́. Kí oníṣòwò tí ń kọ lẹ́tà fi ojú ìwé kan sílẹ̀ nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ fún irú àkójọ bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 2011 ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí àgbẹ̀ àti amọ̀kòkò tí wọ́n lè bi léèrè. Ọmọ Ìkọ̀lé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, tí a bí ní 1929, tí ó sì kọ̀wé ní 1960 nípa bí èdè Yorùbá ti di kíkọ sílẹ̀. Yóò jẹ́ ohun ìtìjú bí àwọn ọ̀rọ̀ tí ìwé kò tíì gbà bá ṣègbé ní ìlú tí a bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa, a kò bá a tún lẹ́tà náà kọ. A jókòó tì í, a sọ èyí tí ó bá èyí mu fún un, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òmíràn. Kí ẹ̀yin ahunṣọ, ẹ̀yin agbẹ́gilére, ẹ̀yin amọ̀kòkò àti ẹ̀yin àgbẹ̀ agbègbè wa náà bá wa kọ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín ránṣẹ́, bí ẹ ti ń pè wọ́n gan-an. A óò máa tẹ̀ wọ́n jáde níhìn-ín.