Kíkọ Àìdúró, Kì í Ṣe Kíkọ Àìdínà

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn tí ń kọ ètò fún ẹ̀rọ ayárabíàṣá, tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: nonblocking. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá lè sáré pè é ní "àìdínà". Èmi kò fara mọ́ ọn.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bá jọ ń ṣe ìṣirò kan ṣoṣo, bí ìṣirò ojú ọjọ́, wọn yóò máa kọ èsì wọn sínú fáìlì. Díìsìkì kò yára tó ẹ̀rọ tí ń ṣírò. Bí ẹ̀rọ bá dúró tì í títí ó fi kọ tán, àkókò ṣòfò. Ìdí nìyí tí ìlànà MPI, tí ó jáde ní 1994, fi gba ọ̀rọ̀ fáìlì mọ́ra nínú ẹ̀dà rẹ̀ kejì ní 1997, tí àṣẹ MPI_File_iwrite sì wà nínú rẹ̀: ẹ̀rọ yóò gbé èsì kalẹ̀ fún kíkọ, yóò sì máa bá ìṣirò rẹ̀ lọ. (Kì í ṣe ibi gbogbo ni ó ti ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn ṣì ń dúró kọ ọ́ tán.)

Onígàrí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kò ní ṣàì mọ ọgbọ́n yìí. Bí ó bá rin ẹ̀gẹ́ tán, yóò dà á sínú àpò, yóò gbé òkúta tàbí jáàkì lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Ta ni yóò jókòó ti àpò? Oko ni ó ń lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ da ẹ̀gẹ́ tuntun sínú àpò kan náà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, àpò kejì ni yóò wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ibi tí èsì wà nínú ìrántí ẹ̀rọ: a kò gbọdọ̀ yí i padà títí MPI_Wait yóò fi sọ pé ó yá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé èyí lè bá èsì tí ó dàrú nínú fáìlì, láìsí ìkìlọ̀ kankan.

"Àìdínà" kò sọ nǹkan kan nípa gbèsè yìí. À fi bí ẹni pé ọ̀nà là, ọ̀rọ̀ parí. "Àìdúró" sàn jù, nítorí ó ní ìkejì tirẹ̀: "ìdúródè", orúkọ tí mo bá MPI_Wait mú wá. Ẹni tí kò dúró láàárọ̀ yóò dúró dè é nírọ̀lẹ́. Ibi tí èsì wà, ẹ jẹ́ kí a kúkú pè é ní "àpò".

Ẹ má ṣe pe ìdúródè ní "ìparí" o. Ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé àpò ti ṣeé lò padà. Èsì lè má tíì dé orí díìsìkì. MPI_File_sync ni a fi ń tì í débẹ̀, n kò sì tíì rí orúkọ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún ìyẹn.