OÒGÙN KÌ Í ṢE ATA RODO

 

Ọ̀rọ̀ tó dá awuyewuye sílẹ̀ ní ìpàdé gbogboogbò wa tó kọjá la fẹ́ fèsì sí. Àwọn kan dìde, wọ́n ní kí gọ́mẹ́ǹtì kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí oògùn àti ọsibítù. Wọ́n ní ọjà ni ọjà ń jẹ́, ẹni tó bá ta ojúlówó ni oníbàárà máa lọ bá, ẹni tó bá ta èyí tí kò dáa á kógbá wọlé. Wọ́n ní tí kò bá sí NAFDAC àti owó ìwé àṣẹ, owó oògùn á wálẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwa ìgbìmọ̀ kò pàtẹ́wọ́, a sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Àwa la mọ ọjà. Ẹni tó fẹ́ ra ata lọ́wọ́ wa, á tú agbọ̀n wò kó lè rí ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra gàrí á bù ú sẹ́nu. Èlùbọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Bí iye tí a pè kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ń kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì nìyẹn, àwa náà á máa pè é padà, "Àǹtí, ẹ wá, ẹ mú owó wá." Ohun tó ń jẹ́ kí ọjà gún nìyẹn: oníbàárà mọ ohun tó ń rà, ó sì lè kọ̀ ọ́. Ẹ mú méjèèjì kúrò, kí ẹ wò ó bóyá ọjà ló ṣì ń jẹ́.

Ta ni nínú wa ló lè tọ́ oògùn wò kó mọ̀ pé májèlé wà nínú rẹ̀? Ní 1990, sírọ́ọ̀pù paracetamol pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìbàdàn àti ní Jos. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ló wà níbẹ̀. Ó ń dùn lẹ́nu, kíndìnrín ló sì ń bà jẹ́. Ní 1993 ni ìjọba ológun ṣòfin tó dá NAFDAC sílẹ̀. Ẹ tún rántí 2008, oògùn eyín ọmọ tó ń jẹ́ My Pikin. Kẹ́míkà kan náà ni. Ọmọ 84 ló kú. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà tí kò forúkọ sílẹ̀ ló ti lọ ra èròjà. Ibi tí ojú ìjọba kò tó ni ikú gbà wọlé. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn náwó, wọ́n mú èyí tí wọ́n rò pé ó dáa. Ẹ wá ń sọ fún wa pé oníbàárà á lọ sí ìsọ̀ mìíràn lọ́la. Ọmọ ti kú, ọ̀la wo?

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínà níbẹ̀. Ẹni tí gìrì mú ọmọ rẹ̀ lóru kì í ná ọjà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ìlà ẹlẹ́ja gbé ọmọ dé ọsibítù aládàáni kan ní aago méjì òru, wọ́n ní kó san owó sílẹ̀ kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Ṣé kó máa sọ pé kí wọ́n gbà á ní ìdajì? Ó jí àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú oorun, wọ́n sáré dá owó jọ fún un. Ọmọ yè, ọpẹ́ ni f'Ólúwa, ṣùgbọ́n owó ẹja ti lọ, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní títì fún oṣù mẹ́ta. Òfin ìlera ti 2014 sì sọ pé ọsibítù tàbí dókítà kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ìtanràn ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ gé ibí yìí nínú ìwé yìí, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí a fi ọjà sílẹ̀, ṣé a fi ọjà tiwa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Nígbà tí àwọn kan ń fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú kí ìrẹsì lè dín, ẹgbẹ́ yìí kò sọ pé oníbàárà á fúnra rẹ̀ mọ̀. A kó gbogbo kóńgò jọ, a fọ́ èyí tí kò pé, ẹni tó ni ín sanwó ìtanràn. Kò sí ẹni tó ní a ń dí òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, àfi ẹni tó ń lu kóńgò.

Iṣẹ́ yẹn náà ni olóògbé Dora Akunyili ń ṣe nígbà tó di olórí NAFDAC ní 2001. Insulin ayédèrú ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988. Ní oṣù Kejìlá 2003, àwọn agbébọn yìnbọn sí mọ́tò rẹ̀, ọta gba inú gèlè rẹ̀ kọjá. Gèlè o, ẹ̀yin obìnrin! Ẹ bi ara yín léèrè bí èrè inú ayédèrú ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n fi ń torí rẹ̀ pààyàn.

A kò sọ pé áńgẹ́lì ni ìjọba. Ní oṣù Kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba. Ayédèrú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Onitsha, wọ́n ti ìsọ̀ àwọn tó ń ta pákó àti páìpù omi mọ́ ọn. Kí ló kan onípákó? Inú bí wa sí i. Inú ń bí wa náà sí ọsibítù ìjọba tí wọ́n ti ń ní kí aláboyún ra ìbọ̀wọ́, òwú àti Jik wá láti ilé. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́pàá bá ń gba rìbá, ṣé a máa ní kí olè máa jalè lọ ni?

Lórí iye owó, ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀. Àwa tí a ti pẹ́ lọ́jà rántí 1984, nígbà tí àwọn sójà ń fi kóbókò dá iye lé ọjà. Mílíìkì àti ọṣẹ sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Nítorí náà, a kò ní kí ìjọba fi agbára dá iye lé hóró oògùn kọ̀ọ̀kan. Oògùn náà á sá pamọ́. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, tí GSK sì kéde ní oṣù Kẹjọ pé àwọn ò ní máa ta oògùn fúnra àwọn ní Nàìjíríà mọ́, kóbókò wo ni ìbá mú Augmentin dínwó? Ohun tí a ń bèèrè ni kí gbogbo ọsibítù kọ owó rẹ̀ sára ògiri, kí ẹni tó ń wọlé rí i, kí òfin sì mú ẹni tó bá gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ínṣọ́ráǹsì ìlera. Òfin 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, gómìnà Èkó náà sì fọwọ́ sí àṣẹ tirẹ̀ ní 2024 lórí Ìlera Èkó. Àjọ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ṣàìsàn ló ń kó o. Ẹni tó bá dá a lọ́dún kan tí kò kó o, kó dúpẹ́. Tí a bá fi irú àjọ yìí sílẹ̀ fún aládàáni láìsí òfin lórí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ló máa gbà. Àwa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, ìta ló máa tì wá sí. Ìjọba náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a mọ bí a ṣe ń bi alájọ léèrè owó. A ò ní gbà kí ẹnì kan mú káàdì lọ kí wọ́n ní oògùn ti tán.

Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kó mú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wá sí ìsọ̀ akọ̀wé. Tí a bá ti pé 50, a máa pe àwọn Ìlera Èkó wá sínú ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé atẹ oògùn kiri láàárín ìsọ̀, tí kápúsù ń yọ́ nínú ọ̀rá lábẹ́ oòrùn, ìparí oṣù yìí la fún yín. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ kẹ́míìsì, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹni tí kò ní, kó wá rí ìyálọ́jà, a máa bá a wá ìsọ̀ àti ọjà mìíràn tó lè tà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, ní orúkọ ìgbìmọ̀.