Kí Ẹ Tó Pe Ẹni Tó Ta Irúgbìn Ní Olè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ìjà ló bí i.

Nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, ìyá kan nínú àwọn olùgbọ́ wa gbin ewédú sétí omi. Ó ra irúgbìn, ó ra ajílẹ̀, ó yá ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ewédú hù dáadáa. Àmọ́ kò tíì ga dé orúnkún tó fi tanná, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ewé rẹ̀ kéré, igi rẹ̀ le. Nígbà tí ìyá gbé e dé ọjà Ouando, àwọn oníbàárà wò ó, wọ́n kọjá lọ. Ló bá kọjú sí ẹni tó ta irúgbìn fún un pé irúgbìn burúkú lo tà fún mi. Ìyẹn náà búra pé inú àpò kan náà lòun ti bù fún àwọn tó gbin tiwọn lóṣù Karùn-ún, tí ewé tiwọn sì kún apẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni.

Èrò tèmi rèé, n ò ní fi bò. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Irúgbìn náà dára. Ìgbà tí wọ́n gbìn ín ni kò bá a mu, nítorí pé ewédú ń ka òru.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò. Níbí ní Àjàṣẹ́, lóṣù Kẹfà, ọjọ́ máa ń gùn tó bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 30, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí tó fi wọ̀. Lóṣù Kejìlá, ó máa ń dín sí bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45. Ìyàtọ̀ náà kò pé wákàtí kan. Àwa èèyàn lè má fura rárá. Ewédú fura. Bí ọjọ́ bá gùn, ewé ló ń yọ, igi rẹ̀ á máa ga. Bí ọjọ́ bá kúrú tí òru gùn, á pa ewé tì, á yára tanná, á so.

Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Ewé kò lójú, àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Phytochrome ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí oòrùn bá ràn án, á yí padà sí irú kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí irú tó wà tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wà lára ohun tí ewé fi ń mọ̀ bóyá òru gùn tàbí ó kúrú. Ewé á wá ránṣẹ́ sí orí igi pé: ó tó àkókò, tanná.

Lọ́dún 1920 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Garner àti Allard, gbé irú ọ̀rọ̀ yìí jáde. Tábà kan ń bẹ tó kàn ń ga ṣáá nínú oko nígbà ooru, kò tanná. Wọ́n yí iyẹ̀pẹ̀ padà, wọ́n yí omi padà, pàbó ló já sí. Ìgbà tí wọ́n ń gbé e wọ ilé òkùnkùn lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ọjọ́ rẹ̀ fi kúrú, ló tó tanná. Ajílẹ̀ kọ́ ló ṣe é o. Òkùnkùn ni.

Àwọn kan á ní àbùkù ni èyí jẹ́ fún ewédú. Ọgbọ́n ni. Òru tó ń gùn ń sọ fún un pé òjò ń lọ, pé kó sáré fi ọmọ sílẹ̀ kí òùngbẹ tó dé. Ọkà bàbà ìbílẹ̀ ní àríwá Benin ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí òjò pẹ́ bí kò pẹ́, bí a gbìn ín ṣáájú bí a gbìn ín lẹ́yìn, ó máa ń fẹ́ yọ orí nígbà tí òjò bá ń parí lọ. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀wà àtijọ́ nílẹ̀ wa náà ń ka òru. Ẹ gbìn ín nígbà tí ọjọ́ gùn, ìtàkùn àti ewé ló máa kún ilẹ̀, ẹ̀wà ò ní tètè dé.

Mo mọ̀ pé ìyá àgbà kan á sọ níbẹ̀ pé, "Ọmọ mi, ṣé èyí náà lo fẹ́ kọ́ wa? Àwọn ìyá wa mọ ìgbà tí wọ́n ń gbin ewédú." Òótọ́ ni, ẹ ṣeun, mà. Àmọ́ nígbà tiwọn, òjò ló ń pàṣẹ. Lónìí, ọ̀dọ́ ti gbé ẹ̀rọ sétí odò, ó rò pé bí omi bá ti wà, ìgbà gbogbo ni ìgbà. A lè fa omi wá o. A ò lè gé òru kúrú.

Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn yìí. Ewédú tí ẹ fẹ́ máa já ewé rẹ̀ léraléra, oṣù Kẹrin sí oṣù Keje ni kí ẹ gbìn ín. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbìn ín nígbà tí òru gùn, ẹ fọ́n irúgbìn pọ̀, kí ẹ fà á tu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó tanná. Ẹ má bu ajílẹ̀ sí ewédú tó ti ń so, owó lẹ̀ ń bù sílẹ̀ yẹn. Omi ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lò ó fún tòmátì àti ata, àwọn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka òru. Ẹ sì kọ́kọ́ wo omi yín kí ẹ tó dá ẹjọ́, torí òùngbẹ náà lè mú kí ewébẹ̀ yára tanná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta irúgbìn, ẹ̀yin náà ní tiyín. Ẹ máa sọ fún oníbàárà pé irúgbìn yìí, ìgbà báyìí ló yẹ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, tó kàn gba owó, ẹjọ́ rẹ̀ ò mọ́ lójú mi.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dán an wò fúnra rẹ̀. Ẹ bu irúgbìn ewédú ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ pín in sí méjì. Ẹ gbin ìdajì lóṣù Karùn-ún, ẹ tọ́jú ìdajì síbi gbígbẹ, kí ẹ gbìn ín lóṣù Kọkànlá. Ilẹ̀ kan náà, omi kan náà. Ẹ ka iye ọjọ́ tí ìkọ̀ọ̀kan fi tanná, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ mú un wá fún wa ká kà á lórí rédíò.

Ìyá tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ kí ẹni tó ta irúgbìn fún yín lọ́jà tó ń bọ̀. Ẹ ṣì máa nílò ara yín lóṣù Kẹrin. Ire o.