Òru Méjì Nínú Ilé Olódi

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi mí pé báwo ni ìrìn àjò ọjọ́ ìbí Màámi ṣe rí, nítorí mo ti fọ́nnu nípa rẹ̀ lójú ewé yìí kí a tó lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti dákẹ́. N kò gbàgbé o. Ojú ló ń tì mí. Ẹni tó ti ń lu ìlù sílẹ̀ kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, bí ijó náà kò bá wá dùn, kì í mọ ibi tí yóò fi kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, inú wa sì ti rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Màámi pé ọgọ́ta ọdún ní oṣù Bélú tó kọjá. Ìlú Manchester ni ọjọ́ náà bá wọn, lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, èmi náà sì ti lọ bá wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Abẹ́òkúta, Màámi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ìwé àwòrán kan tí wọ́n máa ń kà fún wa lálẹ́. Ilé olódi kan wà nínú rẹ̀, tòun ti ilé ìṣọ́ gíga mẹ́rin àti àsíá. Wọn kì í tètè ṣí ojú ewé yẹn kọjá. Wọn a ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí n tó kú, n ó sùn nínú irú ilé yìí lọ́jọ́ kan." Èmi ti gbàgbé. Àbúrò mi kò gbàgbé.

Òun ló wá ilé ìtura náà rí. Ìgbèríko àríwá Wales ló wà, ilé olódi tí wọ́n ti sọ di ilé ìtura olówó gọbọi. Nínú àwòrán tí wọ́n fi polówó rẹ̀, iná ń jó geere nínú ààrò inú ògiri, ibùsùn olópòó mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ta aṣọ àrán bò, fèrèsé sì kọjú sí òkè. Owó òru kan jẹ́ £290. Òru méjì, £580. Àbúrò mi fi òru mẹ́rin kún iye òru tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kí owó náà tó pé. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n kò rí kọ́bọ̀ dá sí i. Ẹ kúkú mọ bí owó ẹni tó ń fi ìwé kíkọ jẹun ṣe máa ń rí. Ìtàn ni mo dá. Mo lọ ka nǹkan nípa àwọn ilé olódi kí n lè máa ṣàlàyé fún Màámi lójú ọ̀nà.

Ìtàn náà dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí ìkìlọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà etíkun la gbà, a sì rí ilé olódi Conwy bí a ti ń kọjá, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ ràgàjì mẹ́jọ. Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ọ láàárín ọdún 1283 sí 1287, lẹ́yìn tó ti ṣẹ́gun àwọn ará Wales, kí wọ́n má baà tún gbérí. Ògiri rẹ̀ nípọn kí òkúta ọ̀tá má baà lè wó o. Fèrèsé rẹ̀ rí tóóró kí ọfà lè ti inú jáde, kí ti ọ̀tá má sì ráyè wọlé. Màámi wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ń sá fún gan-an?" Mo ní àwọn onílẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ààfin tiwa, èèyàn ló ń kó mọ́ra," ni wọ́n wí, "àgbàlá lórí àgbàlá, kọ̀bì níwájú, kí ará ìlú rí ibi jókòó sí. Èyí, èèyàn ló ń lé."

Ilé tiwa kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ṣá o. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń pè ní ilé olódi ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, nǹkan bí igba ọdún tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí wọn. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ kí a máa wò wọ́n bí ìjòyè àtijọ́ ló kọ́ wọn, nígbà tí ogun ti tán. Èyí tó lókìkí jù ní agbègbè náà ni Penrhyn, lẹ́bàá ìlú Bangor. Owó tí ìdílé Pennant fi kọ́ ọ, apá kan rẹ̀ ti ara òkúta síléètì wá, apá kan sì ti inú oko ìrèké ní Jàmáíkà, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́ ẹrú. Wọ́n fi síléètì gbẹ́ ibùsùn kan síbẹ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, nítorí ọbabìnrin Victoria tó ṣàbẹ̀wò ní ọdún 1859. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tí ọbabìnrin rí i, ó kọ̀, kò sùn sórí rẹ̀. Ibojì ló jọ lójú rẹ̀. Mo sọ èyí fún Màámi, a sì jùmọ̀ fi ọbabìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtura wa.

Ìta ilé náà kò ní àbùkù kankan. Ilé ìṣọ́ mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ti inú ìwé. Màámi dúró nínú òjò wínníwínní, wọn kò tètè wọlé. Ọmọbìnrin tó gba orúkọ wa ní ẹnu ọ̀nà wo ìwé rẹ̀, ó wá ní yàrá wa wà lẹ́yìn. A gbé ẹrù wa jáde padà sínú òjò, a gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá, níbi tí wọ́n to àwọn ike ìdọ̀tí sí, a sì dé ilé pẹlẹbẹ kan. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ibẹ̀ ni ẹṣin ilé náà máa ń wà láyé àtijọ́. Wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ ẹṣin kan sára ilẹ̀kùn wa. Màámi ní, "Ilé ọba la sanwó fún, ibùso ẹṣin ni wọ́n fi wá sí." Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín.

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì fi àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yàrá tó sanwó fún han ọmọbìnrin náà. Yàrá inú ilé ìṣọ́ ni, tòun ti ààrò. Ìdáhùn tó rí gbà ni pé àpẹẹrẹ lásán ni àwòrán, àti pé ìgbéyàwó kan ti gba gbogbo inú ilé ńlá.

Ní ti òtútù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni tán. Ògiri òkúta tó nípọn bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti tutù, kì í tètè móoru mọ́. Gíláàsì ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lójú fèrèsé, atẹ́gùn sì ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Onílé kò sì lè dédé yọ fèrèsé bẹ́ẹ̀ sọnù, nítorí òfin ibẹ̀ ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, àfi kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ. Gbogbo ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni pé irin tó yẹ kó mú yàrá móoru máa ń kú fúnra rẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́, kì í sì í jí títí di aago mẹ́fà ìdájí. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Ní òru àkọ́kọ́, Màámi wọ súẹ́tà méjì, wọ́n wé gèlè lé fìlà, wọ́n sì sùn sáàárín wa bí ìgbà tí àwa la jẹ́ ọmọdé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbí wọn, omi gbígbóná ti tán. Ìkòkò kékeré oníná tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún tíì ni a fi se omi, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, kí omi ìwẹ̀ wọn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ìyàwó àti ọkọ ló wà nínú gbọ̀ngàn tó ní ààrò. Àwa jẹun nínú yàrá tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Wọ́n gbé ẹran àgùntàn wá tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dá lójú rẹ̀. Màámi yọ ike ata gígún kékeré kan nínú àpamọ́wọ́ wọn, wọ́n bù ú sí i, wọ́n sì ń jẹ. Bí òṣìṣẹ́ náà bá ti dé láti béèrè bóyá gbogbo nǹkan dára, wọn a fi ẹ̀rín músẹ́ dá a lóhùn pé ó dára púpọ̀, ẹ ṣeun. Gbogbo èyí ṣì lè di àwàdà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti san £25 ṣáájú fún àkàrà òyìnbó tí wọn yóò kọ orúkọ Màámi sí. A dúró. A tún dúró. Nígbà tí a béèrè, kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan nípa àkàrà. Àbúrò mi ní òun ń lọ gba ìpè kan níta. Nígbà tí mo bá a lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ti fara ti ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ fún mi: "Òru mẹ́rin."

Màámi kò fẹ́ kí a bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ibí ni ibùgbé rẹ̀. Màámi yìí kan náà lè dúró ti alátà kan lọ́jà Kútọ̀ fún ìdajì wákàtí nítorí tòmátì mẹ́ta tó ti rọ̀ nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ahọ́n wa fi ń wúwo ní kété tí a bá ti tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀? Mo rò pé ẹ̀rù ń bà wá kí wọ́n má baà sọ pé a kò mọ irú ibẹ̀ rí, pé bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀ nìyẹn. Èmi náà jẹ̀bi. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ara mi pé bóyá òtútù jẹ́ ara adùn ilé olódi.

Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ kúrò, wọ́n gbé ìwé owó oúnjẹ wá, wọ́n sì ti fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún wa. Ibẹ̀ ni sùúrù mi tán. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì yọ ọ́ láìjanpata, nítorí àtinúwá ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìtura náà jáde wá, ó ní ilé àtijọ́ ni, a sì gbọ́dọ̀ mú sùúrù fún un. Mo dá a lóhùn pé a ti mú sùúrù fún ilé náà, àkàrà ló kù.

Lẹ́yìn tí a délé ni mo kọ lẹ́tà ní orúkọ àbúrò mi. Owó ti jẹ́ tirẹ̀, ó kéré tán kí ọ̀rọ̀ jẹ́ tèmi. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 ní ilẹ̀ Bìrìtìkó sọ pé ohun tí oníṣòwò bá sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, tí oníbàárà sì gbára lé láti fi ṣe ìpinnu, ti di ara àdéhùn wọn. Bí iṣẹ́ náà kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè béèrè kí wọ́n dín owó kù. (Ní ilé náà, òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ kò gbàgbé oníbàárà, àwa la kì í rántí òfin náà.) Mo mú ohun mẹ́ta péré: yàrá tí kì í ṣe èyí tó wà nínú àwòrán, irin tó ń kú lóru, àti àkàrà. N kò fẹnu kan ẹran náà, nítorí ẹlòmíràn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi àwòrán tí àbúrò mi ti yà pẹ̀lú fóònù sí i. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé ó ti ráhùn ní ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Wọn kò lè sọ pé a dákẹ́ títí a fi lọ. Bí mo bá tún fẹ́ gba irú ilé bẹ́ẹ̀, n ó kọ́kọ́ béèrè inú ilé wo ni yàrá mi wà, bóyá ìgbéyàwó wà lọ́jọ́ náà, àti aago mélòó ni ooru máa ń kú.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé. Wọ́n dá owó òru kan àti owó àkàrà padà, £315 lápapọ̀. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ní kí ó pe ilé ìwòsàn pé kò ní ṣiṣẹ́ alẹ́ tó fẹ́ fi kún tirẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n ní kí ó fi owó náà sùn. Ó sì sùn, ó di ọ̀sán.

N kò tíì sọ fún yín pé kí a tó kúrò níbẹ̀, nígbà tí àwọn alágbàfẹ́ ìgbéyàwó ti lọ tán, mo wá Màámi tì nínú ibùso ẹṣin wa. Inú gbọ̀ngàn ńlá ni mo ti bá wọn. Wọ́n jókòó nìkan sórí àga gíga kan níwájú ààrò, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí ẹyín iná tó kù, wọ́n sì ń wo òkè àjà. N kò pè wọ́n. Mo padà, mo dúró síta títí wọ́n fi jáde fúnra wọn.

Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn ní Abẹ́òkúta báyìí: Màámi nínú gèlè aláwọ̀ osùn, ilé ìṣọ́ mẹ́rin lẹ́yìn wọn. Bí àlejò bá béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí, wọn a ní, "Ibẹ̀ dára o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú kúbùsù dání."