DStv ní Ghana: Ètò tí ẹ gbà sílẹ̀ sínú dẹ̀kódà, ṣé tiyín ni?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, owó DStv dá awuyewuye sílẹ̀ ní Accra. Mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, Samuel Nartey George, ní kí MultiChoice yọ ìdá 30 nínú 100 kúrò lórí owó náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba yóò dá ìwé àṣẹ rẹ̀ dúró.

Owó nìkan kọ́ ló yẹ ká bèèrè. Kí ló di ti oníbàárà gan-an lẹ́yìn tó sanwó tán?

Dẹ̀kódà Explora máa ń gba ètò sílẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú háàdì díìsìkì rẹ̀, tí ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kò ní ṣí. Wọ́n ti fi ààbò tì í pa. Wáyà HDMI náà ní ìdènà tirẹ̀. Wáyà àtijọ́ olórí mẹ́ta ló kù, bí dẹ̀kódà yín bá ṣì ní ojú ihò rẹ̀: eré wákàtí méjì yóò gba wákàtí méjì gbáko kó tó wọ kọ̀ǹpútà tán, àwòrán rẹ̀ kò sì ní dán tó ti tẹ́lẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ Ghana ti ọdún 2005 gbà kí èèyàn ṣe ẹ̀dà fún ìlò ara rẹ̀ nìkan. Òfin yìí kan náà ló ka fífọ́ ìdènà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Ìyá tó gba ètò tí ọmọ rẹ̀ ti kópa sílẹ̀ ńkọ́? Bí dẹ̀kódà bá jóná, ó tán nìyẹn.