Ìgbẹ́kẹ̀lé Kọ́ Ló Pa Ọba Duncan

Ẹjọ́ kan ni mo gbé wá lónìí, ọba tó ti kú ni mo sì ń gbè lẹ́yìn.

Ní kíláàsì ìtumọ̀ tí mo ń kọ́, a máa ń túmọ̀ díẹ̀ nínú Macbeth, eré orí ìtàgé tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1606. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ń pe Ọba Duncan ní òpè. Wọ́n ní ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ló pa á. Wọn a tún fi òwe tì í lẹ́yìn pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Aṣeni ni òwe yẹn ń bá wí, kì í ṣe onílé.

Ẹ jẹ́ kí a wo eré náà fúnra rẹ̀. Nínú ìtàn Scotland, ojú ogun ni Duncan kú sí ní ọdún 1040. Shakespeare ló sọ ọ́ di àlejò tí a pa lójú oorun nínú ilé ìbátan rẹ̀. Kí Macbeth tó ṣe iṣẹ́ ibi náà, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọlọ́kàn tútù ni ọba, pé kò fi agbára ni ẹnikẹ́ni lára, pé ìbátan òun ni, ọba òun ni, àlejò òun sì ni. Nígbà tí apànìyàn kò rí ẹ̀sùn kà sí ọba lọ́rùn, ta ló fi wá ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní ṣebí ìjòyè Cawdor ti kọ́kọ́ dalẹ̀ ọba, kí ló dé tí kò fi kọ́gbọ́n? Èsì mi ni pé ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu lójú ogun nítorí ọba ni ọba fi oyè náà dá lọ́lá. Ẹ̀rí wo ló tún kù tí ìbá béèrè?

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́, irú ìtàn yìí kò jìnnà sí yín. Ọba Akítóyè ti Èkó ló gbà kí Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, padà wálé láti Ouidah, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹlẹ́tù Òdìbò kò fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ lé e kúrò lórí oyè. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Kòsọ́kọ́ náà ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló padà tẹ̀dó sí. Mo gbà pé Akítóyè kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn. Ẹ lè bá a wí nítorí ìyẹn. Ta ló kìlọ̀ fún Duncan?

Ẹ sì wo ọba tí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Macbeth fi owó ra ìránṣẹ́ kan nínú ilé ìjòyè kọ̀ọ̀kan kó máa ṣe amí fún un. Síbẹ̀, kò rí oorun sùn, adé náà kò sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Èdè wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Dà àti ilẹ̀ ni a so pọ̀ di dalẹ̀, a sì fún ẹni tó ṣe é ní orúkọ: ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó bá dalẹ̀ ni yóò bá ilẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹni tí a dà.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti kíláàsì. Ní agbègbè wa, bí ẹnìkan bá fi ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀gbọ́n sì ta ilẹ̀ náà, ẹni tí a rẹ́ jẹ ni a kọ́kọ́ ń bi pé, "Ṣé ojú rẹ fọ́ ni?" Bí a bá ń kọ́ ọmọ pé òpè ni Duncan, ìbéèrè yẹn náà ni a ń kọ́ ọ. Ọ̀dàlẹ̀ ni kí a máa bi.